Ẹ fi ọwọ́ ara yín ka bọ́ọ̀lù tí ọmọ yín ń jù

Ẹ̀gbọ́n tó ń bèèrè bóyá kí ọmọ wọn ọdún 12 ṣì ju bọ́ọ̀lù baseball ní Sátidé, tí ìgúnpá rẹ̀ ń dùn ún, tí kóòṣì sì ní kí wọ́n fi báàmù pa á: rárá o. Báàmù á mú kí ara gbóná ni, kò ní tún ohunkóhun ṣe.

Pitcher lọmọ tèmi náà, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó fẹ́ fi igi gbá a; Ìbarà ní Abẹ́òkúta níbí la wà. Owó físíò, ẹni tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, ni mo fi kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Egungun ọmọdé kò tíì gbó. Níbi tí iṣan ti so mọ́ egungun lápá inú ìgúnpá, kèrékèré (egungun rírọ̀) ló ṣì wà níbẹ̀, kò sì lágbára tó ohun tó ń fà á. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fi agbára ju bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ló ń fà.

Ní Amẹ́ríkà, ìlànà Pitch Smart tí MLB (líìgì baseball àgbà) àti USA Baseball (àjọ baseball ibẹ̀) gbé jáde ní kí pitcher ọmọ ọdún 11 sí 12 má ju bọ́ọ̀lù kọjá ìgbà 85 lójúmọ́. Iye yẹn ni gbogbo èèyàn ń dì mú. Lójú tèmi, ìsinmi tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù. Ọmọ tí kò tíì kọjá ọdún 14, bó bá ju 21 sí 35, kó sinmi ọjọ́ 1; 36 sí 50, ọjọ́ 2; 51 sí 65, ọjọ́ 3; 66 sókè, ọjọ́ 4. Ẹni tó ju 70 ní Sátidé, ó di Ọjọ́bọ̀ kó tó tún jù.

Ta wá ló ń kà á? Kóòṣì ilé ìwé ń ka tiẹ̀ (bó bá tiẹ̀ ń kà), kóòṣì ẹgbẹ́ àdúgbò ń ka tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ro méjèèjì pọ̀. Tèmi á ju fún ilé ìwé ní Ọjọ́bọ̀, á tún ju fún ẹgbẹ́ ní Sátidé, kóòṣì méjèèjì á ní àwọn ò kọjá iye. Wọn ò sì purọ́! Wọ́n á tún fi ṣe catcher, ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù tí pitcher bá jù, lẹ́yìn tó bá jù tán, níbi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù padà ṣáá. Ẹ má gbà fún wọn. Ká má tíì sọ òkò tí wọ́n ń sọ lu máńgòrò bí wọ́n bá ń bọ̀ nílé. Ìyẹn ò ní kóòṣì tí mo lè bá jà.

Ìwé kékeré kan wà nínú báàgì mi tí mo fi ń fa ìlà kan fún bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tó bá jù. Kóòṣì kan bi mí pé ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Mo ní rárá sà, apá ọmọ mi ni mò ń ṣọ́.

Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé "ṣé ó ń dùn ẹ́?" Á ní kò dùn, kí wọ́n má baà yọ òun. Bó ṣe ń jù ni kẹ́ ẹ wò. Bí ìgúnpá bá ti ń wá sílẹ̀, tí bọ́ọ̀lù ń fò kọjá orí catcher, kó jáde, ì báà jẹ́ 40 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jù.

Ti ọmọ yín yìí ti kọjá kíkà. Kó má ju nǹkan kan rárá, ẹ gbé e lọ sí FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdí-Àbà. Bí kò bá lè na apá náà tán, ẹ lọ lọ́la. Bí wọ́n bá fẹ́ ya X-ray, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya ìgúnpá méjèèjì, kí dókítà lè fi èyí tó ń dùn wé èyí tí kò dùn.