Inú Ń Run Ọmọ Mi Bí Ìwọlé Bá Ti Súnmọ́

ÌBÉÈRÈ: Ọmọbìnrin mi wà ní JS 2, ó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì níléèwé kan nítòsí Kàbà. Èkó la bí i sí, kò tíì gbọ́ èdè Ìjùmú dáadáa, wọ́n sì máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ. Gàrí oṣù kan kì í pé ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kó bá wọn jà. Olùkọ́ pè wọ́n jọ, ó ní kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ náà wá burú sí i. Bó bá ti ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n wọlé báyìí, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ṣé irọ́ ló ń pa ni? — Ìyá kan, Ìyàrà

ÌDÁHÙN: Kò parọ́, Ìyá. Inú ń run ún lóòótọ́. Ẹ̀rù máa ń di inú rírun, orí fífọ́, àìróorunsùn, kódà ọmọ tó ti jáwọ́ nínú ìtọ̀ sórí ibùsùn lè tún bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, nítorí ọmọ tí wọ́n ń fòòró tún lè ní aràn nínú.

Ibi tí olùkọ́ yẹn ti ṣì í ni pé ó parí rẹ̀ bí ìjà. Dan Olweus, tó bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Sweden láti àwọn ọdún 1970, fi ohun mẹ́ta dá ìfòòró mọ̀: wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, wọ́n ń tún un ṣe, agbára ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí kò sì tó tiwọn. Ẹni méjì tó jà lè bọwọ́. Ọmọ yín ní tirẹ̀ rojọ́ níwájú àwọn tó ń fìyà jẹ ẹ́, olùkọ́ gba ilé rẹ̀ lọ, wọ́n pa iná, òun àti àwọn wọ̀nyẹn sì jọ wà nínú yàrá kan náà di àárọ̀. Ìmọ̀ràn Bàbá náà kò ràn án lọ́wọ́: bó bá jà tó fìdí rẹmi, wọ́n á tún fi kún un, bó bá borí, òun ni iléèwé máa pè ní oníjà.

Ẹ ra ìwé ewé 40. Ẹ má bi í pé “Ta ló ń fìyà jẹ ọ́?”, torí kò ní dáhùn. Ẹ bi í pé ibo ni kì í fẹ́ dá lọ, ọjọ́ wo ni gàrí máa ń dín. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi, ohun tí wọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an, àti ẹni tó wà níbẹ̀. “Wọ́n ń yọ ọmọ mi lẹ́nu” kò ní mú ẹnikẹ́ni dìde lórí àga. Àmọ́ “ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5 ìrọ̀lẹ́, lẹ́nu bohólù, ọmọ SS 1 méjì gba bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n ní kó pọn mẹ́fà fún àwọn kó tó pọn tirẹ̀” ń béèrè ìdáhùn.

Ẹ kọ lẹ́tà méjì tó bá ara wọn mu, kí ọ̀gá iléèwé buwọ́ lu ọ̀kan, kí ẹ mú un lọ sílé. Ẹ béèrè ohun mẹ́ta: kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sí yàrá míì, kí àgbàlagbà máa wà lẹ́nu omi nírọ̀lẹ́, kí wọ́n sì bi àwọn ọmọ náà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má ráyè mú ọ̀rọ̀ bára mu. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tún lọ lẹ́yìn oṣù kan. Ìfòòró tó dáwọ́ dúró fún ọjọ́ díẹ̀ lè máa dúró de ìgbà tí ojú bá kúrò lára rẹ̀. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, ó di ọ̀dọ̀ PTA nìyẹn. Ní ti gàrí, ẹ kó o fún mètúrọ̀ọ̀nù, kó máa fún un díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀.

Ẹ wá ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì fún un nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ní Kánádà, àwọn olùwádìí fi kámẹ́rà ṣọ́ pápá ìṣeré iléèwé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Ó lé ní ìdajì ìgbà tí ọmọ kan dá sí i tí ìfòòró náà parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10. Àwọn tó ń wòran ló pọ̀ jù. Àwọn tó ń dá sí i ni kò pọ̀.

Bó bá lọ sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ kó oògùn apakòkòrò oko kúrò nílé, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, SS 2, ni wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó ń fòòró àwọn ọmọ kékeré, ó sì ń gba nǹkan wọn. Ṣé kí n nà án? — Bàbá kan, Ìsánlú

ÌDÁHÙN: Bí ẹ bá nà án, ẹ ti fi hàn án pé ẹni tó lágbára jù ló lè ṣe bó ṣe wù ú, ohun tó kúkú ń ṣe nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó san ohun tó gbà padà. Bó bá jẹ́ ìgbà kajú ni, kó ṣà á títí owó náà á fi pé. Bó bá jẹ́ pírífẹ́ẹ̀tì, kí iléèwé gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì bi í, láìbínú, ohun tí àwọn sínyọ̀ fi ojú òun náà rí ní JS 1. Ọmọ tí wọ́n fòòró, tó tún ń fòòró ẹlòmíì, ni tirẹ̀ máa ń burú jù, òun la sì kì í káàánú.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ya àbúrò mi, ọmọ ọdún 14, ní ìhòòhò ní bálùwẹ̀, fọ́tò náà ti wà lórí WhatsApp kíláàsì wọn. — Ẹ̀gbọ́n kan, Ẹ̀gbẹ́

ÌDÁHÙN: Ẹ kọ nọ́ńbà tó gbé e síbẹ̀, ọjọ́ àti aago sílẹ̀, kí ẹ fẹjọ́ sùn nínú áàpù náà. Ẹ má fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, àní sí ọ̀gá iléèwé, láti fi ṣe ẹ̀rí. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ka fífi irú àwòrán ọmọdé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ àti níní in lọ́wọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀. Kí òbí mú àkọsílẹ̀ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n fi fóònù tó wà nínú gúrúùpù náà han àwọn ọlọ́pàá.