Èsì: Ọmọ ata tó tín-ín-rín, tó sì ń ṣubú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọmọ ata yín ga, ó tín-ín-rín, ó sì ń ṣubú, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ tú wọn gbìn síta báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tú wọn. Ìmọ́lẹ̀ ni kò tó wọn. Bí ata bá hù níbi tó ṣókùnkùn, ṣe ló máa ń na ọrùn wá oòrùn kiri, igi rẹ̀ kò sì ní lè gbé ewé. Ẹ gbé wọn síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dé bá wọn dáadáa.

Omi ńkọ́? Ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀. Bó bá ṣì tutù, ẹ má bomi sí i. Omi àpọ̀jù ló sábà máa ń jẹ́ kí ìdí ọmọ ata rà: ẹ ó rí i tí ìsàlẹ̀ igi rẹ̀ á dúdú, á rọ̀, á fún bí òwú, kó tó dojú bolẹ̀. Èyí tó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ fà á tu kíá. Odidi abọ́ kan ló bá a lọ lọ́wọ́ mi rí, ó dùn mí gan-an.

Ewé méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ewé ata gidi. Ẹ dúró kí ewé gidi tó 4 sí 6, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn tí ẹ gbin irúgbìn. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 mú ìta mọ́ wọn lára: wákàtí kan lábẹ́ ìbòji lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ máa fi kún un. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ tú wọn, tòun ti erùpẹ̀ ìdí wọn.