Ọ̀kadà ń fò mọ́ mi lọ́wọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọ̀kadà kékeré tó ní kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn irin ọwọ́ òsì tí à ń fún kí agbára ẹ́ńjìnnì má dé táyà. Bí mo bá ń rọra lọ láàárín ọkọ̀, yóò fò síwájú tàbí kó kú. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà tọ́rọ́tù wò, ìyẹn wáyà ọwọ́ ọ̀tún tẹ́ ẹ ń yí láti fún ẹ́ńjìnnì níná kó lè sáré. Ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ yí díẹ̀, bíi mílímítà 2 sí 6, kí iná tó wọlé. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, iná á pẹ́ dé, á sì já wọlé lójijì. Ṣéènì tó dẹ̀ náà máa ń mú un já.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá pápá títẹ́jú. Ẹ wọ jíà kìíní, ẹ má fún un níná rárá, ẹ rọra máa tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ títí ọ̀kadà yóò fi fẹ́ rìn. Ibẹ̀ gan-an ni kí ọwọ́ òsì yín mọ̀ dáadáa. Ẹ wá fún un níná díẹ̀, kí ọwọ́ ọ̀tún má sì mì mọ́. Kílọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ fi máa dín agbára rẹ̀ kù, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ tẹ búréèkì ẹ̀yìn fẹ́ẹ́rẹ́. Bẹ́ ẹ bá ń ṣẹ́ kọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan búréèkì iwájú, ó lè gbé yín ṣubú.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé wọ́n ń gbé ọrùn-ọwọ́ sókè. Bí gbágungbàgun bá mì wọ́n, ọrùn-ọwọ́ á wálẹ̀, iná á pọ̀ sí i. Ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ dúró kó tutù.