Wákàtí tí oṣó ti sùn kí wọ́n tó jí i kò ṣòfò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa eré Dungeons & Dragons (D&D) yín, eré ìtàn tí a ń fi dáìsì ṣe. Oṣó yín, tó jẹ́ elf (ẹ̀yà tó ń fi àṣàrò wákàtí mẹ́rin rọ́pò oorun), ń ṣe àṣàrò òru rẹ̀, ó ku wákàtí kan kó pé mẹ́rin ni ọ̀tá já wọlé. Ìjà náà kò ju ìyípo mẹ́ta lọ, ó pe ọfọ̀ kan níbẹ̀, DM yín (adarí eré náà) wá ní gbogbo ìsinmi náà ti bàjẹ́, kó lọ tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ ń béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́, àti iye àyè ọfọ̀ (àǹfààní láti pe ọfọ̀, tó ń tán bí a bá ti lò ó, tí ìsinmi sì ń dá padà) tó yẹ kó padà sí i lára. Ọkàn mi gbọgbẹ́ nígbà tí mo kà á, torí irú oorun báyìí ló pa oṣó tèmi.

Ẹ̀dà ìwé wo lẹ fi ń ṣeré? Ẹ ò sọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Nínú ìwé D&D ti 2014, ohun tó ń ba ìsinmi gígùn (ti wákàtí 8, tó ń dá gbogbo àyè ọfọ̀ padà) jẹ́ ni làálàá tó gba ó kéré tán wákàtí kan, bí ìrìn, ìjà, pípe ọfọ̀ àti irú wọn. Ẹni tó to gbólóhùn yẹn bẹ́ẹ̀ ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀. Ṣé ìrìn nìkan ni wákàtí kan yẹn wà fún, àbí ó kó ìjà àti ọfọ̀ mọ́ra? Èmi gbà pé gbogbo wọn ló kó mọ́ra. Ìyípo kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 6, mẹ́ta jẹ́ 18. Ìjà ìṣẹ́jú àáyá 18 kò jọ wákàtí kan níbikíbi. Ṣùgbọ́n DM tó bá ti pinnu pé ìjà kékeré gan-an ti tó, òun náà á rí ibi tó máa di gbólóhùn yẹn mú. Ọdún 10 gbáko ló gbà wọ́n kí wọ́n tó tún un kọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Àwa mẹ́rin la wọ ibojì àtijọ́ kan lábẹ́ ilẹ̀: jagunjagun kan, olè kan, Cleric kan (àlùfáà tó ń woni sàn), àti oṣó mi tó wà ní ìpele 5. Oṣó ìpele 5 ní àyè ọfọ̀ 9, àyè náà sì ní ìpele tirẹ̀: mẹ́rin ti ìpele kìíní, mẹ́ta ti ìkejì, méjì ti ìkẹta. Lẹ́yìn wákàtí 10 tí a ti ń rìn tí a ti ń jà, ẹyọ kan péré ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́, ti ìpele kìíní. A ti ilẹ̀kùn, a fi òkúta dí i, a pín ìṣọ́, a sùn.

Wákàtí kẹfà pé, òkú mẹ́ta tó ti di egungun lásán fọ́ ilẹ̀kùn. Mo fi ẹyọ kan tó kù pe Shield kí idà má bàa bẹ́ mi lórí. Ìyípo mẹ́rin, ó tán. Ìṣẹ́jú àáyá 24! DM wa ò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé tó ń kà. Ó ní, "Ẹ tún oorun yín bẹ̀rẹ̀."

Mo ní kò burú. A tún dùbúlẹ̀. Wákàtí márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ghoul kan já bọ́ láti inú àjà. Fire Bolt nìkan ni mo jù lù ú, cantrip sì ni, irú ọfọ̀ tí kì í gba àyè kankan. "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀." Etí mi gbóná. Mo ṣí ìwé, mo ka gbólóhùn náà sókè, mo tún un kà. Ó ní òun ni DM, òun lòun ń túmọ̀ ìwé, bí ó bá wù mí kí n wá jókòó sí àyè òun. Ẹ mọ irú wọn. Wọ́n mọ ìwé láti èèpo iwájú dé èèpo ẹ̀yìn, àfi ibi tó bá máa gba ẹlòmíràn là.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, wákàtí mẹ́ta péré. Mi ò tiẹ̀ rántí ohun tó wọlé mọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: 10, 6, 5, 3. Wákàtí 24 ti pé látìgbà tí a ti jí láàárọ̀. Ló bá tún fa òfin mìíràn yọ, èyí tó wà nínú ìwé àfikún Xanathar's Guide ti 2017: ẹni tí wákàtí 24 bá kọjá lórí rẹ̀ láìparí ìsinmi gígùn, kó ju dáìsì fún Constitution (okun ara rẹ̀), kó dé 10, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àárẹ̀ máa wọ̀ ọ́ lára. Bí 24 mìíràn bá tún kọjá, ó di 15. Mo ju 6, mo fi 1 kún un. Àárẹ̀ wọlé.

Ó dùn mí, àmọ́ èyí tó ń dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà yẹn, mò ń wo jagunjagun wa. Lẹ́yìn oorun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bà jẹ́, á gba agbára rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Second Wind padà, á gba Action Surge rẹ̀ padà, á dìde ṣámúṣámú. Mi ò bi í pé báwo. Mo rò pé bí wọ́n ṣe dá jagunjagun nìyẹn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ìsinmi kúkúrú ló ń gbà, àti pé wákàtí kan péré ni ìsinmi kúkúrú ń béèrè, bẹ́ẹ̀ a ti sùn fún mẹ́fà! Oorun tí kò lè di gígùn ti di kúkúrú tipẹ́. Oṣó sì ní ohun tí wọ́n ń pè ní Arcane Recovery. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, bí oṣó bá parí ìsinmi kúkúrú, ó lè gba àyè ọfọ̀ padà, kí àròpọ̀ ìpele wọn má ṣáà ju ìdajì ìpele tirẹ̀ lọ, bí ìdajì náà ò bá sì dọ́gba, sókè la máa ń gbé e. Ìdajì 5 di 3. Àyè ìpele kẹta kan. Fireball kan, ọfọ̀ iná tó ń jó gbogbo ẹni tó bá wà lójú kan! Ó wà lórí ìwé mi, èmi náà ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣẹ̀dá oṣó yẹn.

A gbéra pé ká jáde. Wight kan dúró lórí àtẹ̀gùn, òkú mẹ́fà tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fún pọ̀ sójú kan báyìí, àfi bí ẹni pé Fireball ni wọ́n ń dúró dè. Mo fa ọ̀bẹ yọ. Oṣó, ọ̀bẹ! Ìyípo kejì ni mo ṣubú. Cleric ò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó fẹ́ fi gbé mi dìde, oorun tirẹ̀ náà ti bàjẹ́. Mo ju dáìsì ikú, mo kùnà lẹ́ẹ̀mẹta. Jagunjagun jáde láàyè.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo tó rí i nínú ìwé lóru ọjọ́ kan. Mo lọ bi DM bóyá ó mọ̀. Ó mọ̀. Ó ní iṣẹ́ òun kọ́ ni láti rán mi létí ohun tó wà lórí ìwé mi.

Nítorí náà, kí ẹ tó bá DM yín fa ọ̀rọ̀ ìsinmi gígùn, ẹ kọ́kọ́ gba ti kúkúrú lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún un pé, "Ó dáa, a gbà pé ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta ti kọjá lórí rẹ̀, ìsinmi kúkúrú ti pé, mo fẹ́ lo Arcane Recovery." Ẹ sọ ọ́ wẹ́rẹ́ báyẹn. Nígbà tó bá ti gba ìyẹn fún yín tán lẹ lè wá máa jiyàn ìyókù. Ó kan àwọn onídán irú mìíràn náà: bí Warlock bá wà láàárín yín, gbogbo àyè tirẹ̀ ló ń padà nínú ìsinmi kúkúrú, ẹ rán an létí. Druid ti Circle of the Land náà ní tirẹ̀, ó jọ ti oṣó. Sorcerer inú ìwé 2014 ni kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀ àfi tó bá dé ìpele 20, ẹ bá mi kí i kú sùúrù.

Ohun kan ṣoṣo ló lè gba èyí lọ́wọ́ yín: bí DM yín bá ń lo Gritty Realism, ìyẹn àṣàyàn tó wà nínú ìwé àwọn DM. Ìsinmi kúkúrú di wákàtí 8 níbẹ̀, gígùn di ọjọ́ 7. Ẹ bi í léèrè o. Àwọn kan máa ń lò ó tí wọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni títí ilẹ̀ fi máa ṣú.

Bó bá jẹ́ ìwé 2024 lẹ ń lò, ọ̀rọ̀ yí padà, DM yín sì jàre díẹ̀. Níbẹ̀, kí wọ́n ṣáà ti ju dáìsì Initiative (èyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìjà), ìsinmi ti dá dúró nìyẹn. Kí ẹ pe ọfọ̀ tí kì í ṣe cantrip, ó dá dúró. Kí nǹkan ṣe yín léṣe, ó dá dúró. Ṣùgbọ́n ó dá dúró ni, kò pòórá! Ẹ lè padà sí i lójú ẹsẹ̀, wákàtí kan péré ni ìdádúró kọ̀ọ̀kan ń fi kún un. Ìwé náà sì ti kọ ọ́ kedere pé bí ẹ bá ti sinmi tó wákàtí kan kó tó dá dúró, ẹ ti jẹ àǹfààní ìsinmi kúkúrú. Ohun tó pa mí, wọ́n ti wá kọ ọ́ síwèé báyìí. Ẹ ṣé o, ẹ pẹ́ díẹ̀.

Ti elf ńkọ́? Àwọn tó ṣe eré yìí kọ́kọ́ dáhùn pé wákàtí 4 tí elf fi ń ṣàṣàrò kò dín ìsinmi gígùn rẹ̀ kù, pé kó jókòó pé 8. Nígbà tó yá, wọ́n yí ohùn padà pé 4 ti tó o. Èyí ló dúró, ìwé 2024 náà sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn hàn yín, ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́. Àwọn mìíràn á tún fa òfin ẹ̀dà 3.5 àtijọ́ jáde fún yín. Nínú ìyẹn, oṣó tó jẹ́ elf pàápàá gbọ́dọ̀ sinmi wákàtí 8, ọfọ̀ tó bá pè láàárín wákàtí 8 tó ṣáájú sì ń dín iye tó lè tún rí gbà lọ́jọ́ náà kù. Òótọ́ ni nínú ìwé tirẹ̀. Kò kan yín.

Mo rí i tí ẹnìkan ti dá yín lóhùn pé kí ẹ máa pe Leomund's Tiny Hut, ọfọ̀ tó ń gbé àtíbàbà ààbò bo ẹni tó ń sùn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Lẹ́yìn ikú oṣó mi, èmi náà kó sínú Hut yẹn lóròòru. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ pè é gẹ́gẹ́ bí ritual (pípe ọfọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láìná àyè), kó má bàa jẹ àyè ìpele kẹta tí ẹ ń wá. Ìṣẹ́jú 11 ló ń gbà. Wákàtí 8 ló ń lò, bí ẹni tó pè é bá sì jáde síta pẹ́nrẹ́n, ó ti wó. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn lọ wo ohun tó ń dún níta. Àwọn ọ̀tá tó bá lọ́gbọ́n lórí lè jókòó yí i ká kí wọ́n máa dúró dè yín. Bó bá ṣe pé ìsinmi kúkúrú nìkan lẹ nílò, Rope Trick, ọfọ̀ tó ń ṣí ibi ìpamọ́ sílẹ̀ lókè okùn, ń lo wákàtí kan gééré, kò sì sí ẹni tó lè fi ọfọ̀ tàbí ohun ìjà lù yín láti ìta. Alarm náà, ọfọ̀ tó ń kìlọ̀ bí ẹnìkan bá wọlé, ritual ni, ẹ má sùn láìpè é.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín sínú ọgbọ́n Sorcerer tó tún jẹ́ Warlock, èyí tí kì í sùn rárá, tó kàn ń sọ àyè ọfọ̀ Warlock di agbára Sorcerer látìgbà dé ìgbà. Òfin àárẹ̀ tí mo sọ lókè yẹn á bá a níwájú, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré á sì kórìíra yín.



Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ti gbé mi lọ. Ẹ béèrè iye tó yẹ kó padà. Bó bá jẹ́ 2014, tí DM yín gbà pé ìṣẹ́jú àáyá 18 kì í ṣe wákàtí kan, kí oṣó yín parí wákàtí kan tó kù, gbogbo àyè rẹ̀ á padà, títí kan èyí tó fi ja ìjà yẹn. Bó bá jẹ́ 2024, kó fi wákàtí méjì sí i, gbogbo rẹ̀ á padà bákan náà. Bí DM yín bá kọ̀ jálẹ̀ pé ó ti bàjẹ́, ohun tí Arcane Recovery bá gbé wá nìkan lẹ máa rí, kó wá tún dùbúlẹ̀, torí ìsinmi tí kò parí kò kà mọ́ ìsinmi gígùn kan ṣoṣo tí wọ́n ń fún èèyàn láàárín wákàtí 24. Ẹ ò sọ ìpele rẹ̀. Bó bá jẹ́ 3, 2 lẹ máa rí: ti ìpele kejì kan tàbí ti ìkíní méjì. Bó bá jẹ́ 7, 4 ni: ti ìkejì méjì, tàbí ti ìkẹta kan pẹ̀lú ti ìkíní kan, tàbí ti ìkẹrin ẹyọ kan bó bá ti ná tirẹ̀. Tèmi bá ni, ti ìkẹrin ni n ó mú.