Àwọn ọmọ mi fi ọ̀rọ̀ bọ́gà ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́, ṣé kí n pa wọ́n lẹ́nu mọ́ ni?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Leeds la wà níbí, ọmọ Oǹdó ni mí, ọkọ mi náà ọmọ Oǹdó. Ọmọ méjì la bí, Fìkáyọ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, àti Dára àbúrò ẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àwọn méjèèjì yìí, tí ìpolówó bọ́gà tàbí ṣíkìn bá ti yọjú báyìí, ìbáà jẹ́ lórí fóònù, ìbáà jẹ́ lára bọ́ọ̀sì, ẹnu wọn ò ní í dákẹ́ mọ́ nìyẹn. Fìkáyọ̀ á ní "wo èyí tó wà nínú fọ́tò yẹn dáadáa o, torí o ò ní í rí i mọ́ láyé, òmíràn ni wọ́n máa gbé fún ẹ." Dára á ní tòun ò bá rí i, ẹni tó jẹ ẹ́ lòun ń wò yìí. Bí wọ́n ṣe ń dá ara wọn lóhùn lọ nìyẹn, síbẹ̀ tá a bá dé iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn, àwọn méjèèjì ló máa dúró gbagidi. Dára ń wá tọ́ì, Fìkáyọ̀ ní òun ti kọjá tọ́ì, àmọ́ ó ń yọjú wo èyí tó wà nínú páálí àbúrò ẹ̀.

Ibi tó wá dùn mí sí nìyí. À ń lọ sílé ní August, màmá mi ń ṣe ọgọ́rin ọdún. Lọ́jọ́ kan tá a jọ wà lórí fídíò, màmá gbọ́ tí Dára ń sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ pé "irọ́ lò ń pa, ìwọ àti ẹni tó ń polówó yẹn, òpùrọ́ ni ẹ̀yin méjèèjì." Háà! Màmá ní ta ló ń bá wí? Ṣé Fìkáyọ̀ ni? Inú bí wọn débi pé wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ náà. Àwọn ọmọ sì ti ń bi mí bóyá McDonald's wà ní Oǹdó. Ṣé kí n fòfin de ọ̀rọ̀ bọ́gà nínú ilé yìí látòní lọ ni? Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ dójú tì mí níwájú ẹbí o.
Ìyá Fìkáyọ̀, Leeds

Ìyá Fìkáyọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, a ó jèrè wọn o. Montréal lèmi wà, ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, apá Arákalẹ̀ nilé wa wà. Èmi náà lọ́mọ méjì tí ẹnu wọn kì í sinmi, Jọlá lẹ̀gbọ́n, Ìní sì ni àbúrò, obìnrin ni, ẹnu tiẹ̀ ló mú jù.

Ẹ má fòfin dè é. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń ṣe yẹn gan-an ni ò ní í jẹ́ kí onípolówó rí wọn mú, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa ṣe é, ẹ kàn bá wọn fààlà sí i.

Ẹ wò ó, ìjọba tó lágbára jù wá lọ ti fòfin dè é. Ní Quebec, ní Canada tá a wà yìí, láti 1980 ni òfin ti ní kẹ́nikẹ́ni má polówó ọjà fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́tàlá, kì í ṣe oúnjẹ nìkan o, ọjà yòówù tó bá jẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà gbà kí wọ́n gbé e sára páálí ọjà, kí wọ́n tò ó sójú wíńdò ṣọ́ọ̀bù. Níbo wá lọ́mọ ń gbà kọjá tó bá ń ti ilé-ìwé bọ̀? Ní UK lọ́dọ̀ yín náà, láti January 2026 wọn ò gbọdọ̀ gbé ìpolówó oúnjẹ tí ọ̀rá, ṣúgà àti iyọ̀ ti pọ̀ jù sórí tẹlifíṣọ̀n kó tó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ sanwó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì lè polówó orúkọ ilé-iṣẹ́ wọn tí wọn ò bá ti gbé oúnjẹ kan pàtó síbẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí orúkọ, ṣé ẹ rò pé ẹnì kan tún máa ràn án létí oúnjẹ?

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti ìlú San Francisco l'Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣòfin ní 2010 pé ilé oúnjẹ ò gbọdọ̀ fi tọ́ì ta ọmọdé lọ́rẹ tí oúnjẹ yẹn ò bá ṣara lóore. Nígbà tí òfin máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní December 2011, kí ni McDonald's ṣe? Wọ́n ní kò burú, tọ́ì inú Happy Meal, oúnjẹ ọmọdé wọn, ò sí lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́, sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni. Mo sọ ọ́ fáwọn ọmọ mi, Ìní káwọ́ lérí, ó ní "Daddy, ẹ wo bí wọ́n ṣe ba nǹkan ọ̀fẹ́ jẹ́." Jọlá ní "ọ̀fẹ́ wo? Láti 1979 tí wọ́n ti ń ta Happy Meal, bàbá ẹnì kan ló ń sanwó ẹ̀." Ìní ní tó bá jẹ́ bàbá ẹnì kan ni, kò sówó tòun níbẹ̀ nìyẹn, ọ̀fẹ́ náà ni. Kí lẹ fẹ́ kí n sọ sí i?

Ohun tó jẹ́ kí n máa fetí sí wọn dáadáa ni ọ̀rọ̀ ìdá mẹ́ta àti ìdá mẹ́rin. Àkúrẹ́ la wà nígbà yẹn, a lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ màmá mi, àwọn méjèèjì ń jà lórí bọ́gà tí ò sí níbẹ̀ rárá. Jọlá bi àbúrò ẹ̀ pé bọ́gà tí ẹran ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta pọ́ùn àtèyí tó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin, èwo ló máa mú. Ìní ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ní "mẹ́rin!" Jọlá rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ní kó má fi ṣe yẹ̀yẹ́ jù, torí àwọn àgbàlagbà l'Amẹ́ríkà ti dáhùn bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé oúnjẹ A&W gbé bọ́gà ìdá kan nínú mẹ́ta jáde láti fi figagbága pẹ̀lú Quarter Pounder ti McDonald's, ìyẹn bọ́gà ìdá kan nínú mẹ́rin, iye kan náà ni wọ́n ń tà á, ẹran tiwọn ló sì pọ̀ jù, kò tà. Alfred Taubman tó ni A&W nígbà náà sọ pé nígbà táwọn pe àwọn oníbàárà jọ táwọn bi wọ́n, ó lé ní ìdajì wọn tó ní kí ló dé tí wọ́n á fi sanwó kan náà fún ẹran tó kéré, ṣebí mẹ́ta kéré sí mẹ́rin.

Màmá mi ń gbọ́ gbogbo ẹ̀, wọn ò dá sí i, wọ́n kàn gbé bọ̀ọ̀lì méjì tó dọ́gba wá, wọ́n gé ọ̀kan sí mẹ́ta, wọ́n gé èkejì sí mẹ́rin, wọ́n ní kí Ìní mú ẹyọ kan. Ọmọ mọ èyí tó máa mú o. Ló bá kọjú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ní òun ti kà á pé ìwọ̀n ẹran tí wọ́n ń pariwo yẹn, kí wọ́n tó dín in ni, tó bá kúrò lórí iná tán ó ti dín kù. Ó ní "ọgbọ́n orí tìẹ náà, kí wọ́n tó dín in ni wọ́n wọ̀n ọ́n." Ẹ̀rín pa gbogbo agboolé. Jọlá ò rí èsì fọ̀, ó fi bọ̀ọ̀lì dí ẹnu ara ẹ̀.

Ọmọ tó bá ti lè ronú débẹ̀ yẹn, tí ìpolówó bá ní "ńlá", á bèèrè pé ńlá tó báwo, kí wọ́n tó dín in àbí lẹ́yìn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pa á lẹ́nu mọ́, á ṣì fẹ́ bọ́gà, kò kàn ní í bèèrè ìbéèrè mọ́ ni.

Ohun tí mo tún rí ni pé ilé ní Nàìjíríà ló dáa jù láti kọ́ wọn ní nǹkan yìí, torí níbẹ̀ onípolówó wà lójú kòrókòró, ẹ lè dá a lóhùn. Obìnrin kan máa ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá láàárọ̀, á máa pè é pé "ọ̀lẹ̀lẹ̀ rè é o, ó gbóná félífélí!" Ìní sáré jáde, ó fọwọ́ kàn án, ó ní "Mà, kò gbóná." Màmá tó ń ta ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà ò tiẹ̀ wojú ẹ̀, wọ́n ní "ó gbóná nígbà tí mò ń kúrò nílé." Láti ọjọ́ náà, tí nǹkan kan bá ti yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe polówó ẹ̀, ohun táwọn ọmọ mi máa ń sọ nìyẹn, wọ́n ń sọ ọ́ títí di bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí ní Montréal, chips rọ̀, ó gbóná nígbà tó ń kúrò nílé, íntánẹ́ẹ̀tì ń fà, ó gbóná nígbà tó ń kúrò nílé.

McDonald's ò sí ní Nàìjíríà o, ẹ tètè sọ fún wọn kí wọ́n má wulẹ̀ gbé ìrètí dání. Chicken Republic wà l'Ákúrẹ́, mo gbé wọn lọ. Jọlá rí i tí wọ́n kọ "Refuel" sórí oúnjẹ kan, ráìsì àti ṣíkìn lásán ni, ó ní "ṣé mọ́tò ni wọ́n pè mí ni?" Ìní ní kó jẹ́ káwọn wo ìdí ráìsì bóyá bẹntiróò ni wọ́n fi sè é, ó sì bi ọmọ tó ń tajà bóyá lítà mélòó ni wọ́n ń bù fún èèyàn kan. Ọmọ náà ní ó sinmi lórí bí táǹkì bá ṣe tó. Àkúrẹ́ nìyẹn, èèyàn ò lè ṣẹ̀fẹ̀ fún wọn kí wọ́n máà dá a padà.

Jọlá náà ló sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nípa ohun tí Burger King, ilé bọ́gà tó ń bá McDonald's díje, ṣe l'Amẹ́ríkà ní December 2018, pé wọ́n ní ẹni tó bá dé ìtòsí McDonald's, láàárín ẹsẹ̀ bàtà 600, kó ṣí áàpù wọn, á rí Whopper, bọ́gà wọn, rà ní sẹ́ǹtì kan péré. Àwọn ọmọ yẹn ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní ṣe ló dà bí kí alámàlà Arákalẹ̀ ní kí oníbàárà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà orogún òun kóun tó ta àmàlà fún un ní kọ́bọ̀ kan, ó ní wọ́n á fi ọmọ orógùn fọ́ orí ẹnì kan lọ́jọ́ náà. Wọ́n jókòó jíròrò ẹ̀ títí, pé kí ni ilé-iṣẹ́ yẹn máa rí jẹ nínú sẹ́ǹtì kan. Ọmọ tó kéré jù láàárín wọn ló já a, ó ní áàpù yẹn ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n gbé sínú fóònù, tó bá ti wọbẹ̀, wọ́n á máa rí ẹ pè lójoojúmọ́. Èmi ò bá wọn dá sí i o.

Ẹ má ra tọ́ì dání wọ ilé ayẹyẹ, ẹ má sì gbé ṣíkìn onípáálí méjì wọ agboolé tí ọmọ pọ̀ sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan, ẹ rà á káríkárí, tàbí kẹ́ ẹ kó gbogbo wọn dání lọ, bí ò bá ṣeé ṣe ẹ jẹ́ kó lọ. Nígbà tí Ìní ń bèèrè milkshake onísokoléètì, màmá mi ní kí wọ́n mú un lọ sóko kòkó bàbá ẹ̀ àgbà lọ́nà Ìdànrè, ó lá omi kòkó tútù títí ẹnu ẹ̀ fi bó. Ó wá ní kí ilé-iṣẹ́ yẹn máa sanwó fún Grandpa, Jọlá ní wọ́n ń san án, ó kàn dín kù lójú ọ̀nà ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ màmá yín. Ẹ má bínú sí wọn, wọ́n jàre. Dára lè fi bọ́gà ṣe yẹ̀yẹ́, ó lè fi ìpolówó ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n "irọ́ lò ń pa" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àbúrò ń sọ sójú ẹ̀gbọ́n nílé wa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ààlà tí mo ní kẹ́ ẹ fà nìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò bá yé, kó ní "kò jọ bẹ́ẹ̀ létí mi o". Èmi fà á fún Ìní, ó gbà, ó wá wábi gbà yọ, tí Jọlá bá ti ń sọ àsọdùn báyìí, á kúnlẹ̀ dọ́ọ̀dọ́ọ̀, á ní "ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́ ìpolówó yín." Màmá mi ò rí nǹkan bá a wí sí. Ẹ kọ́ Dára kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ jẹ́ kó fi dánra wò níwájú màmá lórí fídíò, ìbínú yẹn á rọ̀.

Tó bá dọjọ́ ayẹyẹ gan-an, ẹ fún wọn níṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n polówó oúnjẹ màmá fáwọn àlejò. Ohun táwọn tèmi ṣe nìyẹn. Jọlá gorí àga, ó ń ké pé "iyán Màmá rè é o, kò ní tọ́ì, kò ní áàpù, àmọ́ tẹ́ ẹ bá dọ̀bálẹ̀ kí wọn dáadáa, ẹran méjì ni!" Ìní sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tó ń yára sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lóhùn ìsàlẹ̀ pé wọ́n wọn ẹran náà kí wọ́n tó sè é o.
Bàbá Jọlá, Montréal