Epo tí ẹ jẹ lánàá kò sí nínú ìfun yín mọ́

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Mo fẹ́ràn ẹ̀fọ́ elépo, ṣùgbọ́n bí mo bá ti jẹ ẹ́ tán, abẹ́ ìhà ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ìyá tó ń ta àgbo fún mi ní epo ló dì mọ́ mi nífun. Ó ní kí n yéé mu omi tútù, kí n sì máa fi àgbo kan ya ìgbẹ́ ní gbogbo Sátidé. Ẹ̀ẹ̀melòó lóṣù ló yẹ kí èèyàn fọ ìfun?

ÌDÁHÙN: Kò sí iye kankan, màmá. Ìbéèrè yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń tajà lórí redió ló sì fà á.

Epo kì í dì sínú ìfun. Ara èèyàn alààyè gbóná tó ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, omi tútù kì í sì í pẹ́ nínú ikùn kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kẹ́ẹ̀gì epo tó dì nígbà ọyẹ́ kò sọ nǹkan kan nípa inú yín.

Bí epo bá dé ìfun kékeré, òróòro á tú u sí wẹ́wẹ́ bí ọṣẹ ṣe ń tú ọ̀rá ara àwo. Omi kan láti inú pancreas, ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, á gé e kúrú. Awọ inú ìfun á gbà á wọlé, á tún un tò, á fi purotéènì wé e di hóró tíńtín tí à ń pè ní chylomicron. Ibí yìí ni ọ̀nà ti yà. Ṣúgà àti purotéènì inú oúnjẹ ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀ tààrà. Ọ̀rá epo pupa, ẹ̀gúsí àti ẹran kò bá wọn lọ, torí hóró yẹn kò lè wọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Ọ̀nà líńfù ló ń gbà, ìyẹn àwọn òpó tí ń kó omi àárín ẹran ara padà sínú ẹ̀jẹ̀. Yóò gba àyà gòkè, yóò sì bọ́ sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká òsì. Fítámì A, D, E àti K náà ń bá a gba ibẹ̀.

Àwa oníṣẹ́ abẹ máa ń fojú rí i. Bí mọ́tò bá gbá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, tí a sì sáré la ikùn rẹ̀, òpó wọ̀nyí á funfun báláú lára awọ tó gbé ìfun dúró. Nínú ẹni tó gbààwẹ̀, wọn kì í hàn. Dókítà kan tó ń jẹ́ Gaspare Aselli rí i lára ajá ní Ítálì ní 1622. Iṣan ìmọ̀lára ló kọ́kọ́ pè é, àfìgbà tó gé ọ̀kan tí omi funfun tú jáde.

Láàárín wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún tí ẹ jẹun ni ọ̀rá rẹ̀ máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Kí wá ni àgbo Sátidé ń lé? Ìgbẹ́, omi àti iyọ̀ ara yín ni. Ẹni tó ní òun fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, omi ló sọnù lára rẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn mu epo ólífì àti ọsàn wẹ́wẹ́, òkúta aláwọ̀ ewé sì bá ìgbẹ́ jáde, wọ́n á ní òkúta inú àpò òróòro ni. Obìnrin kan ní New Zealand kó irú rẹ̀ wá fún dókítà. Wọ́n fi í sínú ooru ìwọ̀n 40 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yọ́ di epo. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ló jẹ́ ásíìdì ọ̀rá, láti inú epo tó mu. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé e jáde ní 2005. Òkúta gidi ṣì wà nínú àpò òróòro rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi yọ ọ́.

Abẹ́ ìhà ọ̀tún ni àpò òróòro wà; èyí ló jẹ́ kí ìrora yín kọ mí lóminú. N kò tíì yẹ̀ yín wò, nítorí náà n kò lè sọ pé òkúta ni, ó lè jẹ́ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ dá àgbo yẹn dúró, ẹ dín epo kù, kí ẹ sì lọ ṣe sìkáànù ikùn lọ́sẹ̀ yìí. Bí ẹyinjú yín bá pọ́n bí àwọ̀ ìyeyè tàbí tí ibà bá dé, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ. Kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS má fi falẹ̀ rárá, torí òkúta òróòro wọ́pọ̀ láàárín wọn. Ẹ má jẹun kí ẹ tó lọ ṣe sìkáànù, kí àpò òróòro lè kún dáadáa. Omi lásán kò burú. Bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, kí wọ́n lè fi yín sí ipò kìíní láàárọ̀.