Ẹ Bi Bàbá Apẹja: Kúnlẹ̀ Kí O Tó Na Ọ̀pá

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Odò ìsun kan ni mo ti ń fi ìwọ̀ dẹ ẹja tí wọ́n ń pè ní tráòtì. Omi rẹ̀ mọ́ gaara débi pé mo lè ka òkúta tó wà nísàlẹ̀. Mo ń rí àwọn ẹja náà kedere, àmọ́ kí n tó na ọ̀pá, wọ́n ti fọ́n ká. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ọ̀pá mi ló kúrú, pé kí n ra èyí tó gùn. Kí ni kí n ṣe, sà? (Ẹlẹ́sẹ̀ Wúwo)

ÌDÁHÙN: Má ra ọ̀pá kankan. Orúkọ tí o fi sábẹ́ lẹ́tà rẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè náà tán.

Odò tí òjò ń bọ́ máa ń pariwo, ó máa ń dọ̀tí, ìyẹn sì máa ń bo apẹja láṣìírí. Odò ìsun kò mọ ìyẹn. Abẹ́ ilẹ̀ ni omi rẹ̀ ti ń tú jáde, ilẹ̀ sì ti sẹ́ ẹ kó tó dé òkè. Ooru kì í fi bẹ́ẹ̀ gbóná án, òtútù kì í sì í sọ orísun rẹ̀ di yìnyín. Níbi tó bá ti gba inú òkúta ẹfun kọjá, ewéko máa ń dí nínú rẹ̀ gan-an, edé wẹ́wẹ́ á sì kún inú ewéko ọ̀hún. Nítorí náà, tráòtì tí wọ́n bí síbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sìn, ń jẹ àjẹyó. Kò sí ebi tó máa mú un ṣe wàdùwàdù. Ó ráyè wò ọ́.

Bó sì ṣe ń wò ọ́ rèé. Lójú omi tó wà lókè orí ẹja, ibi róbótó kan ṣoṣo ló ti ń rí ìta, bíi fèrèsé. Gbogbo ìyókù, jígí ni. Ìsàlẹ̀ odò ló ń rí nínú rẹ̀. Bí ẹja bá ṣe ń wọlẹ̀ sí ni fèrèsé yẹn ń fẹ̀ sí. Tó bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 2 sísàlẹ̀, fèrèsé rẹ̀ á fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4 àti ààbọ̀, inú ibẹ̀ sì ni ìmọ́lẹ̀ ń tẹ gbogbo ohun tó wà lẹ́bàá odò wọ̀, títí kan ìwọ tí o dúró gbọnrangandan. Ohun tó ga ló ń rí dáadáa. Èyí tó bá lọ sílẹ̀ á fún mọ́ etí fèrèsé, kò ní ju ìlà tín-ín-rín lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé orúnkún ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó máa mú ọ̀bọ, á ṣe bí ọ̀bọ: rákòrò bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀.

Apá ibo lo tiẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Tráòtì máa ń kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń wá bá a. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni kò rí. Gba ìsàlẹ̀ odò wá, máa gòkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ẹja tó fi ń mọ ìmìtìtì inú omi. Omi sì sábà máa ń jẹ abẹ́ bèbè, ibẹ̀ ni èyí tó tóbi jù ń fara pamọ́ sí. Orí òrùlé rẹ̀ lo ń jan ẹsẹ̀ sí yẹn.

Nígbà tí o bá kúnlẹ̀ tán, má tíì ju nǹkan kan. Wò ó bó ṣe ń yẹ̀ sọ́tùn-ún, tó la ẹnu (wàá rí funfun inú ẹnu náà fìrí), tó sì padà sáyè rẹ̀. Ìgbà tí o bá mọ ibi tó ń yà sí lo tó mọ ibi tí kòkòrò àtọwọ́dá rẹ, ìyẹn ìjẹ tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ kòkòrò, yóò bọ́ sí. Má sì máa ju okùn síwá-sẹ́yìn lókè orí rẹ̀. Òjìji okùn nìkan tó láti lé e. Orí koríko ẹ̀gbẹ́ ni kí o ti na okùn, kí o wá yí i sọ́dọ̀ ẹja lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

ÌBÉÈRÈ: Ẹja kan ń jẹun lójú omi níwájú mi. Mo ju kòkòrò àtọwọ́dá sí i, ó wá bá a, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó padà. Mo pààrọ̀ kòkòrò títí, pàbó. (Ọmọ Odò)

ÌDÁHÙN: Kòkòrò rẹ lè máà lẹ́bi. Ewéko odò ìsun máa ń pín ìṣàn omi sí ọ̀nà tóóró-tóóró: èyí ń sáré, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń rìn gbẹ̀rẹ́. Bí okùn rẹ bá bọ́ sórí èyí tó ń sáré, á máa wọ́ kòkòrò lọ, ẹja á sì fura. Jẹ́ kí okùn dẹ̀, kó ṣe kọ́lọkọ̀lọ lójú omi, kí kòkòrò lè bá omi lọ fúnra rẹ̀. Lo okùn ìparí, èyí tí wọ́n so mọ́ kòkòrò, tó tín-ín-rín: èyí tí wọ́n kọ 6X sí lára kò nípọn ju ìdá 5 nínú 1,000 íǹṣì lọ.

Bó bá ṣì ń kọ̀, wo bó ṣe ń yọ. Tí ẹ̀yìn àti ìrù bá yọ ṣùgbọ́n tí o kò rí imú, kòkòrò tó ń gòkè bọ̀, tí kò tíì dé ojú omi, ló ń gbé mì. Èyí tí Frank Sawyer, olùtọ́jú odò Avon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dì fún irú rẹ̀ kò lówùú nínú rárá: ìyẹ́ ìrù ẹyẹ pheasant àti wáyà bàbà tín-ín-rín, ó parí. Wáyà yẹn ló di ìyẹ́ mú, òun náà ló ń rì í. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo aláràbarà tó kún inú àpótí àwọn èèyàn lọ.

Lọ́sàn-án ìgbà ooru, rántí kòkòrò orí ilẹ̀. Àwọn apẹja méjì, Vincent Marinaro àti Charles Fox, gbajúmọ̀ nídìí èyí ní Letort, odò ìsun kan ní Carlisle, Pennsylvania: èèrà, tata àti kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń já bọ́ láti orí koríko.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé mo lè wọ inú omi nígbà ìwọ́wé? (Oníbàtà Gígùn)

ÌDÁHÙN: Rárá. Ìgbà yẹn ni oríṣi tráòtì méjì, brown trout àti brook trout, ń yé, inú òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n sì ń bo ẹyin mọ́. Ibi tí abo bá ti fi ìrù gbá á mọ́ á funfun ju ìyókù lọ. Ẹyin yẹn wà níbẹ̀ títí òtútù fi máa lọ, torí náà má tẹ̀ ẹ́ kódà bí o kò bá rí ẹja kankan nítòsí. Wo òfin ìpẹja ibẹ̀; ọ̀pọ̀ ibi ló ń ti odò lásìkò náà. Kí o sì jẹ́ kí bàtà rẹ gbẹ dáadáa kí o tó gbé e lọ sí odò mìíràn, torí ìgbín tín-ín-tín kan tó wá láti New Zealand máa ń lẹ̀ mọ́ ọn.